George de Hevesy

George Charles de Hevesy (ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1885 – ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1966) jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì tí a bí ní ìlú Budapest, ní orílẹ̀-èdè Húngárì. Òun ni ó kọ́kọ́ lo àwọn èròjà tí ń tú ìtànṣán jáde láti tọpasẹ̀ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ewéko àti ẹranko. Nítorí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe fún un ní Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ Kẹ́mísírì ti ọdún 1943. Òun àti Dirk Coster ni wọ́n tún jọ ṣàwárí háfníọ̀mù, ẹ́límẹ́ǹtì tí nọ́ḿbà rẹ̀ jẹ́ 72, ní ọdún 1923.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó ka Hevesy sí baba ìmọ̀ ìṣègùn tí ń lo ìtànṣán. Lónìí, bí wọ́n bá fún eku ní oògùn akunnilóorun nínú yàrá ìwádìí, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fún un ní èròjà onítànṣán díẹ̀, tí wọ́n sì tẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara, ìlànà tí Hevesy fi lélẹ̀ lára àwọn eku ní ìlú Copenhagen ní ọdún 1935 ni wọ́n ń tẹ̀lé.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Hevesy ni ìkarùn-ún nínú àwọn ọmọ mẹ́jọ tí Lajos Bischitz àti aya rẹ̀, Eugénia Schossberger, bí. Ìdílé ọlọ́rọ̀ tí ó ní ilẹ̀ púpọ̀ ni. Ìran Júù ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn Kátólíìkì ni wọ́n ń ṣe, ilé-ìwé àwọn àlùfáà Kátólíìkì ní Budapest ni ọmọ náà sì lọ. Ó jáde níbẹ̀ ní ọdún 1903.

Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Budapest, ó tẹ̀ síwájú ní Berlin, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Yunifásítì ìlú Freiburg ní Jámánì, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1908. Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní Zurich, ó sì ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Fritz Haber ní Karlsruhe. Ní ọdún 1911 ni ó kọjá sí ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí ọ̀dọ̀ Ernest Rutherford, ẹni tí òkìkí rẹ̀ ti kàn nígbà náà nítorí ìwádìí rẹ̀ lórí ìtànṣán àti átọ́ọ̀mù.

Iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe

Rutherford ní òjé púpọ̀ lọ́wọ́, èyí tí wọ́n rí nínú ìdọ̀tí ibi ìwakùsà tí a ti ń rí rédíọ̀mù. Èròjà onítànṣán kan tí wọ́n ń pè ní rédíọ̀mù D pamọ́ sínú òjé yìí. Rutherford fẹ́ lò ó fún ìwádìí, ṣùgbọ́n òjé tí ó bò ó mọ́lẹ̀ kò jẹ́ kí ìtànṣán rẹ̀ jáde dáadáa. Ó wá gbé iṣẹ́ lé ọ̀dọ́mọkùnrin ará Húngárì náà lọ́wọ́ pé kí ó yọ rédíọ̀mù D kúrò lára òjé.

Hevesy gbìyànjú gbogbo ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì mọ̀, fún nǹkan bí ọdún méjì, pàbó ni ó já sí. Kò sí ohun tí òjé ń ṣe tí rédíọ̀mù D kì í ṣe. Bí òjé bá yòrò, òun náà á yòrò. Bí òjé bá sun sí ìsàlẹ̀ ìgò, òun náà á sun síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ hàn lẹ́yìn náà: òjé gan-an ni rédíọ̀mù D. Áísótòpù òjé ni, èyí ni pé átọ́ọ̀mù rẹ̀ wúwo díẹ̀ ju ti òjé tí a mọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìwà wọn nínú kẹ́mísírì kò yàtọ̀.

Ẹlòmíràn ì bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. Hevesy yí ọ̀ràn náà po. Bí kò bá sí ẹni tí ó lè ya àwọn méjèèjì nípá, nígbà náà, ibikíbi tí rédíọ̀mù D bá wà ni òjé tí a fi pọ̀ mọ́ ọn wà. Ìtànṣán rẹ̀ yóò máa sọ ibi tí òjé náà dé, bí ìye òjé náà tilẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí òṣùwọ̀n kankan kò fi lè wọ̀n ọ́n. Ó lọ sí ìlú Vienna, ó bá Friedrich Paneth pàdé, ẹni tí òun náà ti gbìyànjú ìyàsọ́tọ̀ yìí láìrí i ṣe. Ní ọdún 1913, àwọn méjèèjì lo rédíọ̀mù D láti wọn bí àwọn iyọ̀ òjé kan ṣe ń yòrò nínú omi, àwọn iyọ̀ tí yíyòrò wọn kéré púpọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a lo áísótòpù onítànṣán gẹ́gẹ́ bí atọpasẹ̀.

Ìtàn kan wà tí Hevesy fúnra rẹ̀ máa ń sọ nípa ìgbà tí ó wà ní Manchester. Ó fura pé obìnrin tí ó ni ilé tí òun ń gbé máa ń kó oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù sínú àwo ní ọjọ́ Àìkú padà wá sórí tábìlì láàárín ọ̀sẹ̀. Obìnrin náà sẹ́. Ní ọjọ́ kan, Hevesy fi èròjà onítànṣán bíńtín sínú oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó gbé ẹ̀rọ tí ń dá ìtànṣán mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ tuntun, ẹ̀rọ náà sì fi hàn pé oúnjẹ àná ni. Ìtàn ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ìlànà inú rẹ̀ ni ó gbé Hevesy dé ibi Ẹ̀bùn Nobel.

Copenhagen àti háfníọ̀mù

Ogun Àgbáyé Kìíní dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, ó sì sìn nínú ọmọ ogun ilẹ̀ Austria-Hungary. Lẹ́yìn ogun, rògbòdìyàn òṣèlú gba Budapest kan, kò sì sí àyè fún un níbẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1920 ni ó lọ sí Copenhagen ní Dẹ́nmárkì, sí ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí tí Niels Bohr ń dá sílẹ̀.

Níbẹ̀ ni òun àti Dirk Coster, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ti lo ìtànṣán X láti wá ẹ́límẹ́ǹtì tí ó yẹ kí ó wà ní àyè 72. Inú òkúta zircon tí ó wá láti Nọ́wè ni wọ́n ti rí i. Wọ́n sọ ọ́ ní háfníọ̀mù, láti inú Hafnia, orúkọ tí èdè Látìn ń pe Copenhagen. Ní ọdún 1924 ni Hevesy gbé Pia Riis, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nmárkì, níyàwó, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́rin.

Ní àkókò kan náà, ó mú ìlànà ìtọpasẹ̀ wọ inú ohun ẹlẹ́mìí. Ní ọdún 1923, ó fi gbòǹgbò irúfẹ́ ẹ̀wà kan sínú omi tí ó ní òjé onítànṣán, ó sì wo bí òjé náà ṣe gòkè láti gbòǹgbò dé igi àti ewé. Ní ọdún 1924, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Copenhagen ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lára ehoro pẹ̀lú òjé àti bísímọ́ọ̀tù, nítorí pé bísímọ́ọ̀tù wà lára oògùn tí wọ́n fi ń wo àrùn rẹ́kórẹ́kó nígbà náà. Ṣùgbọ́n òjé àti bísímọ́ọ̀tù kì í ṣe ohun tí ara nílò. Kò tíì sí áísótòpù onítànṣán fún àwọn èròjà tí ó kọ́ ara gan-an.

Freiburg, àti ìpadàbọ̀ sí Dẹ́nmárkì

Láti ọdún 1926 ni ó ti jẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Freiburg. Nígbà tí ìjọba Násì gba Jámánì ní ọdún 1933, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn onímọ̀ tí ó jẹ́ ìran Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Hevesy rí ibi tí ọ̀ràn náà ń lọ, ó sì fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1934, ó padà sọ́dọ̀ Bohr.

Ní ọdún yẹn náà, òun àti E. Hofer lo omi wúwo, èyí tí háídírójìn inú rẹ̀ jẹ́ áísótòpù tí ó wúwo. Ọwọ́ Harold Urey ní Amẹ́ríkà ni omi náà ti wá. Wọ́n mu omi tí a là á mọ́ lára, wọ́n sì ń yẹ ìtọ̀ wò lójoojúmọ́. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ọjọ́ 9 ni ìdajì omi tí ènìyàn bá mu fi máa ń jáde tán kúrò nínú ara rẹ̀.

Àwọn eku ọdún 1935

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1934, Irène Curie àti ọkọ rẹ̀, Frédéric Joliot, fi hàn ní Paris pé ènìyàn lè sọ èròjà lásán di onítànṣán. Ọ̀nà ṣí fún Hevesy. Ó mú imí-ọjọ́ olómi kan, ó sì fi àdàlù rédíọ̀mù àti bẹrílíọ̀mù sí àárín rẹ̀. Nítúrọ́ọ̀nù tí ń jáde láti inú àdàlù náà ń sọ díẹ̀ nínú imí-ọjọ́ di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì onítànṣán, èyí tí agbára rẹ̀ ń dín kù sí ìdajì ní ọjọ́ 14 díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Bohr pé ọmọ 50 ọdún ní oṣù Kẹwàá ọdún 1935, àwọn ará Dẹ́nmárkì dá owó ra rédíọ̀mù fún un ní ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni Hevesy sì lò fún iṣẹ́ yìí.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú egungun, nínú ẹ̀jẹ̀, nínú ọpọlọ àti nínú gbogbo ẹran ara. Hevesy àti dókítà Ole Chievitz po fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì onítànṣán díẹ̀ mọ́ oúnjẹ, wọ́n fún àwọn eku jẹ, wọ́n sì ń yẹ ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wọn wò lójoojúmọ́. Wọ́n pa àwọn eku náà ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ya ẹ̀yà ara wọn sọ́tọ̀: egungun, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, iṣan, ọpọlọ. Wọ́n jó ọ̀kọ̀ọ̀kan di eérú, wọ́n sì gbé eérú náà sábẹ́ ẹ̀rọ Geiger tí ń ka ìtànṣán.

Ohun tí wọ́n rí yàtọ̀ sí ohun tí àwọn onímọ̀ gbà gbọ́ nígbà náà. Èrò wọn ni pé egungun àgbàlagbà ẹranko dà bí òpó ilé: bí wọ́n bá ti rì í tán, ó parí. Eérú àwọn eku náà sọ ohun mìíràn. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tuntun ń wọ inú egungun láìdúró, ti àtijọ́ sì ń jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé egungun náà kò tóbi sí i. Wọ́n ṣírò pé nǹkan bí oṣù méjì ni átọ́ọ̀mù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kan máa ń lò nínú ara eku kí ó tó jáde. Ìròyìn iṣẹ́ yìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní ọdún 1935. Ohun tí ó fi yé ayé ni pé ara ẹlẹ́mìí dà bí odò: ó wà ní ojú kan, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ ń lọ.

Ìlànà náà ní àléébù kan tí kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Eku kan kò lè sọ ju ohun tí ó wà nínú ara rẹ̀ ní wákàtí tí wọ́n pa á lọ. Bí Hevesy bá fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kẹwàá àti ogúnjọ́, ó ní láti pa eku ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì gbà pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èkíní ni ó ṣẹlẹ̀ sí èkejì. Ìtànṣán fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò lágbára tó láti gba inú ẹran ara kọjá dé ìta dáadáa, kò sì sí ẹ̀rọ tí ó lè wo inú eku tí ó wà láàyè.

Ogun, wúrà àti ìsáǹsá

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Copenhagen. Àmì-ẹ̀yẹ Nobel oníwúrà ti Max von Laue àti ti James Franck wà nípamọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Bohr. Òfin Násì kò gba kí ẹnikẹ́ni kó wúrà jáde ní Jámánì, orúkọ àwọn tí ó ni àmì-ẹ̀yẹ náà sì wà lára wọn. Bí wọ́n bá rí i, ẹ̀mí von Laue, tí ó ṣì wà ní Jámánì, yóò wà nínú ewu. Hevesy kọ́kọ́ dábàá pé kí wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀, Bohr kò gbà. Ó wá sọ wọ́n sínú àdàlù ásíìdì méjì tí ń jẹ wúrà, títí wọ́n fi yòrò tán. Ó gbé ìgò náà sórí pẹpẹ láàárín àwọn ìgò yòókù. Àwọn ọmọ ogun tú ilé náà, wọn kò sì mọ ohun tí ìgò náà jẹ́. Lẹ́yìn ogun, wọ́n yọ wúrà náà kúrò nínú ásíìdì, àjọ Nobel sì fi í rọ àmì-ẹ̀yẹ tuntun fún àwọn olúwa rẹ̀.

Ní ọdún 1943, nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn Júù ní Dẹ́nmárkì, Hevesy sá lọ sí Stockholm ní Swídìn. Ibẹ̀ ni ó wà tí wọ́n fi fún un ní Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1943, èyí tí wọ́n kéde ní ọdún 1944. Ní Stockholm, òun pẹ̀lú Hans von Euler lo fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì onítànṣán lára àwọn eku tí ó ní kókó jẹjẹrẹ, wọ́n sì rí i pé ìtànṣán X máa ń dín dídá DNA tuntun kù nínú kókó náà. Iṣẹ́ yìí ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ láti mọ bí ìtànṣán ṣe ń ṣiṣẹ́ lára jẹjẹrẹ.

Láti eérú dé àwòrán

Lẹ́yìn Hevesy, àwọn onímọ̀ rí àwọn áísótòpù tí ìtànṣán wọn lè la ara kọjá, wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ tí ń ka ìtànṣán náà láti ìta. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀rọ PET. Ṣúgà tí wọ́n so flúórínì-18 mọ́, tí a ń pè ní FDG, ni wọ́n sábà máa ń lò nínú rẹ̀. Agbára flúórínì yìí ń dín kù sí ìdajì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 110. Ibi tí ó bá ń jẹ ṣúgà púpọ̀, bí ọpọlọ, ọkàn tàbí kókó jẹjẹrẹ, ni ó máa ń tàn jù nínú àwòrán. Ní àwọn ọdún 1990, Simon Cherry àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní kékeré fún eku, èyí tí ó lè dá ohun tí ó tó nǹkan bí mílímítà 2 mọ̀.

A kò lè sọ fún eku pé kí ó má mira, bí ó bá sì mira, àwòrán yóò bàjẹ́. Ìdí nìyí tí oògùn akunnilóorun fi pọn dandan. Afẹ́fẹ́ isoflurane tí a pò mọ́ ọ́síjìn ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n á kọ́kọ́ fi eku sínú àpótí tí isoflurane inú rẹ̀ tó ìdá 3 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá ti sùn, wọ́n á dín in kù sí nǹkan bí ìdá 1.5 sí 2, wọ́n á sì máa fi ìbòmú kékeré fún un. Wọ́n á fi ìkunra sí ojú rẹ̀ kí ó má baà gbẹ, nítorí pé ojú eku kì í padé nínú oorun yìí. Wọ́n á fi ohun tí ń ka mímí rẹ̀ sábẹ́ àyà rẹ̀, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sórí ohun tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ara kékeré tètè máa ń tutù, oògùn náà kì í sì í jẹ́ kí ara lè mú ara rẹ̀ gbóná. Eku tí a kò bá mú gbóná lè kú kí iṣẹ́ tó parí.

Ìlànà tí Hevesy tẹnu mọ́ ni pé atọpasẹ̀ kò gbọdọ̀ yí ohun tí ó ń tọpasẹ̀ padà; ìdí nìyẹn tí ó fi ń lo ìwọ̀n bíńtín. Nínú iṣẹ́ òde òní, oògùn akunnilóorun ni ó sábà máa ń ba ìlànà yìí jẹ́. Ketamine àti xylazine máa ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ eku ga. Isoflurane máa ń dín iṣẹ́ ọpọlọ kù. Òtútù sì máa ń mú kí ọ̀rá kan tí ń mú ara gbóná gba FDG tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè dà bí àrùn nínú àwòrán. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ olùwádìí máa ń fún eku ní FDG nígbà tí ó ṣì lajú, wọ́n á jẹ́ kí ṣúgà náà wọ ibi tí ó yẹ kí ó wọ̀, kí wọ́n tó kun ún lóorun fún yíya àwòrán.

Èrè rẹ̀ ni pé eku náà yóò jí. Wọ́n lè ya àwòrán rẹ̀ lónìí, kí wọ́n tún yà á ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí wọ́n sì rí bí kókó kan náà ṣe ń dàgbà tàbí bí oògùn ṣe ń mú un rọ, láìpa eku ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1959, William Russell àti Rex Burch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó yẹ kí àwọn olùwádìí wá ohun tí wọ́n lè fi rọ́pò ẹranko, kí wọ́n dín iye ẹranko tí wọ́n ń lò kù, kí wọ́n sì dín ìrora wọn kù. Àwọn olùwádìí ka yíya àwòrán inú ara mọ́ àwọn ọ̀nà tí ó mú ìlànà kejì ṣẹ.

Ikú àti oyè rẹ̀

Hevesy gba àmì-ẹ̀yẹ Copley ti ẹgbẹ́ Royal Society ní ọdún 1949, ó sì gba ẹ̀bùn Átọ́ọ̀mù fún Àlàáfíà ní òpin àwọn ọdún 1950. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni ó pa á ní Freiburg ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1966, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún 81. Freiburg ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé egungun rẹ̀ padà sí Budapest, wọ́n sì tún un sin sí ibi ìsìnkú Kerepesi. Láti ọdún 1960 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn tí ń lo ìtànṣán ní Amẹ́ríkà ti ń fi ẹ̀bùn tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dá àwọn aṣáájú nínú iṣẹ́ náà lọ́lá.